Ìjà Tẹ̀gbọ́n Tàbúrò Lórí Ipò Kìíní

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan, mo kí yín o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á lórí ìdúró, ẹ wá nǹkan fẹ̀yìn tì, torí ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ó ṣẹlẹ̀ ni, n ò jókòó dá a dá. Ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí ṣì wà láyé, bí inú ẹ̀ sì ṣe ń ru nígbà yẹn náà ló ṣe ń ru dòní. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ fún yín o.

Káfíńtà ni. Iṣẹ́ ẹ̀ mọ́. Tó bá kan ilẹ̀kùn fún ẹ, ilẹ̀kùn yẹn ò ní í ké, kò sì ní í wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀kùn ló sọ ọ́ di olókìkí ládùúgbò. Òṣèré sinimá kan tó fẹ́ràn ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ojú-Ń-Sọ̀rọ̀ là ń pe òṣèré ọ̀hún, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ la ẹnu, ojú ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Káfíńtà fẹ́ràn ọkùnrin yìí ju bí ẹlòmíì ṣe fẹ́ràn ìyá tó bí i lọ. Wọn ò sì pàdé rí o! Ọ̀gá ló ń pè é. "Ọ̀gá ò lè ṣerú ẹ̀ láé." Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé ọ̀dọ̀ òṣèré yẹn ló ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé, tó bá ti gbá èérún pákó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn èèyàn á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á ní kó to iṣẹ́ ọ̀gá fún àwọn, látorí èyí tó dáa jù. Àjákù pákó ló fi ń tò ó. Á mú èyí tó ga jù, á fi ti ògiri: "Ipò kìíní! Afárá Ìyàwó." Á mú èyí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i: "Ipò kejì! Olè Ọ̀sán." Bẹ́ẹ̀ lá ṣe máa tò ó bọ̀ títí á fi kan pákó kan tí ò ju ìka lọ, ìyẹn fíìmù tí ọ̀gá ti kọrin. Káfíńtà ní ebi ló ń pa ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn, ká fojú fò ó. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan àwọn pákó yẹn. Ìyàwó ẹ̀ gan-an, tó bá ń gbálẹ̀, á gbá yí wọn ká ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí Afárá Ìyàwó fi wà nípò kìíní, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti wá. Ọ̀gá ló ṣe ọkùnrin kan tó kọ́ afárá kí ìyàwó ẹ̀ lè máa rí ọ̀nà lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ lódìkejì odò. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ kọ́ ọ jí irin tà, ó fi igi jíjẹrà rọ́pò ẹ̀. Bí káfíńtà ṣe máa ń sọ ìyókù rèé, á ti dìde dúró, ayùn á ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀:

"Ọ̀gá lọ sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì. Kò tíì sí nǹkan tó ṣe afárá o! Afárá ṣì dúró digbí! Ọ̀gá wá wo ọ̀rẹ́ ẹ̀ báyìí, ó rẹ́rìn-ín, ni omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú ẹ̀. Ẹ̀rín lẹ́nu, ẹkún lójú! Ó ti mọ̀! Ó ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ti da òun, kò sì sọ ọ́. Ó dìde, ó gbá a mọ́ra. Bó ṣe gbá a mọ́ra báyìí, gbogbo ẹ̀ ṣú bìrì. Òkùnkùn! Ìgbà tí iná máa padà tàn, ìyàwó ti wà lórí afárá, afárá sì já. Ẹ sọ fún mi, òṣèré wo ló tún lè fi òkùnkùn sọ̀rọ̀?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì á mí kanlẹ̀. Télọ̀ tó wà lódìkejì títì á mi orí. "Òkùnkùn yẹn! Èmi ò lè sùn lọ́jọ́ yẹn."

Ilé sinimá àdúgbò ni gbogbo wọn ti wò ó nígbà ọ̀dọ́. Ilé sinimá ti tì tipẹ́, fíìmù yẹn ò sì padà wá mọ́. Ìtàn ẹnu káfíńtà ló kù.

Àbúrò ẹ̀ kan wà, dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni. Àtìgbà tí irùngbọ̀n ẹ̀ ti ń hù ló ti kúrò nílé, ìlú òkèèrè ló ti wa ọkọ̀ títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyàwó ò sí, ọmọ ò sí, ilé ò sí. Ó di báàgì kan, ó padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ìyàwó káfíńtà kó gọ́ọ̀mù àti ìṣó kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀ fún un. "Eyínfúnjowó ọkọ mi, ẹ káàbọ̀ o." Orúkọ tó fún un látìgbà tó ti wọlé ọkọ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eyín ọ̀hún ò kún ẹnu mọ́. Inú káfíńtà dùn dénú. Ó ní àbúrò òun ò ní í lọ síbì kankan mọ́.

Sátidé àkọ́kọ́ ló bà á jẹ́.

Káfíńtà ti to pákó tán, ó ti sọ ti òkùnkùn tán, bẹ́ǹṣì ti mí kanlẹ̀ tán. Ni dírẹ́bà bá dìde. Ó fọwọ́ tọ ògiri lọ, ó gbé pákó gíga yẹn, ó gbé e lọ sísàlẹ̀ pátápátá, ó fi ti ẹ̀gbẹ́ èyí tí ò ju ìka lọ.

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí káfíńtà.

"Kí lo ṣe yẹn?" Káfíńtà ló bi í, ohùn ẹ̀ ò tíì le.

"Mo gbé e síbi tó yẹ ẹ́ ni, bùọ̀dá. Olè Ọ̀sán ló yẹ kó ṣe ìkíní. Èyí tẹ́ ẹ̀ ń pariwo ẹ̀ yìí, ẹkún lásán ni. Ìyàwó ọkùnrin kú, ọkùnrin sunkún. Ta ni ìyàwó ẹ̀ máa kú tí ò ní í sunkún? Èmi tí n ò níyàwó gan-an, mo lè sun ún."

"Ìyàwó ta ló kú?"

"Ìyàwó ọkùnrin náà. Afárá já, ìyàwó bómi lọ, ọkọ wá lọ sílé ọ̀rẹ́, ó rántí ìyàwó, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún. Wọ́n gbára wọn mọ́ra, wọ́n kọ 'Ó parí' sí i. Mo wò ó ní àwòtúnwò níbi tí mo wà."

Télọ̀ ki ìka bọ etí, ó yọ ọ́. "Ṣé afárá ti já kó tó sunkún ni?"

"Kó tó sunkún ni."

Ẹ̀rín bú gbàù lórí bẹ́ǹṣì. Ẹnì kan ní, "Ojú ẹ̀ ti ń dùn ún tipẹ́ nìyẹn!"

Ojú dírẹ́bà pọ́n. "Ó dáa, tí ìyàwó ò bá tíì kú, kí ló dé tẹ́ ẹ ò rí i nínú fíìmù nígbà yẹn? Níbo ló wà?"

"Ó lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀!" Gbogbo bẹ́ǹṣì ló jọ dáhùn, àfi bí ọmọ iléèwé.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀!"

"Wọ́n fi hàn yín?"

"Ṣé gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń fi han èèyàn ni?" Káfíńtà na ayùn sí i. "Kí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ́ afárá? Ṣé kì í ṣe kó lè lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ̀ ni?"

Dírẹ́bà wá ṣe ohun tí ò yẹ kó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. "Bùọ̀dá, ẹ sùn nídìí fíìmù yẹn ni."

Ha! Ẹ sọ fún ìmáàmù pé kò mọ kéwú, ó lè foríjì yín. Ẹ má sọ fún káfíńtà yìí pé ó sùn nídìí Afárá Ìyàwó. Iná ràn án láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó ju ayùn sílẹ̀, ó ró gbaga.

"Òpùrọ́! Òpùrọ́ ni ẹ́ láti kékeré! Ìwọ lo ní o rí ẹja tó gun igi! Ìwọ lo ní tíṣà ní ká má wá síléèwé mọ́, tí wọ́n fi nà mí! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa lé e bá. Ó bá ẹ lónìí!"

"Ẹ pè mí lópùrọ́ níwájú télọ̀?"

"Mo pè ẹ́ níwájú télọ̀, màá sì pè ẹ́ níwájú ọba! Òpùrọ́ ò sì ní í gbé nínú ilé mi."

"Kò burú. Màá lọ lọ́la."

"Ọ̀la pẹ́ jù!"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá fìlà wọn. Àgbà ní inú bíbí ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Káfíńtà ti sọ ọ́ jáde. Àgbà tó bá sọ irú ẹ̀ jáde níwájú èèyàn, báwo ló ṣe máa gbé e mì?

Ìyàwó ẹ̀ ló ní ilẹ̀ ti ṣú, ó dọ̀la. Ilẹ̀ mọ́. Káfíńtà ti wà nídìí iṣẹ́, ó ń fá pákó ilẹ̀kùn oníbàárà kan bí ẹni ń fá orí ọ̀tá. Ìbínú ò jẹ́ kó mọ̀ pé pákó ti fẹ́lẹ́ títí, ó ti ń fì bí ìwé. Ohun tó ń dùn ún ju ẹ̀rín àbúrò ẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan báyìí ni nǹkan á gún un lọ́kàn: tó bá jẹ́ òótọ́ ló sọ ńkọ́? Kíá á fà á yọ bí ẹni fa ìṣó yọ lẹ́sẹ̀, á tún máa fá pákó lọ.

Ìyàwó ẹ̀ dé, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Eyínfúnjowó ti di ẹrù tán o. Ó ń wá bàtà ẹ̀ kejì látàárọ̀. Iwájú ẹ̀ ló wà, kò rí i. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ fẹ́ kó ṣe bọ́ sí títì?"

"Kó máa lọ."

"Kó máa lọ síbo?"

"Síbi tí ẹja ti ń gun igi."

Kò rẹ́rìn-ín. "Olówó orí mi, ẹni tó gbọ́ tẹnu ẹnì kan dájọ́, àgbà òṣìkà ni."

"Ẹnì kan kẹ̀? Gbogbo àdúgbò ló jẹ́rìí!"

"Gbogbo àdúgbò jókòó sínú ilé kan ṣoṣo, ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń tan fíìmù fún gbogbo yín. Tan-Iná ṣì wà láyé. Ẹ lọ bi í. Tẹ́ ẹ bá lé ọkọ mi jáde láìbi í, ẹ wá ẹni tá máa sebẹ̀ fún yín."

Tan-Iná yìí, òun ló ń wa ẹ̀rọ nílé sinimá láyé ọjọ́sí. Tí fíìmù bá já, tí ilé ṣókùnkùn, gbogbo èèyàn á máa pariwo, "Tan iná! Tan iná!" Bó ṣe di orúkọ ẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n jáde. Káfíńtà ń gba apá ọ̀tún títì, dírẹ́bà ń gba apá òsì, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni káfíńtà la ẹnu, nígbà tí ọlọ́kadà kan já wọ ọ̀nà: "Ọ̀kadà!" Dírẹ́bà yà kúrò. Káfíńtà sì gbé ojú sápá ibòmíì, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló pariwo.

Ilé sinimá ti di ilé tí wọ́n ti ń ta mátíréèsì. Tan-Iná fúnra ẹ̀ ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó jókòó sórí mátíréèsì kan tó ṣì wà nínú ọ̀rá, tó bá mira, ọ̀rá á ké. Wọ́n kí i, àwọn méjèèjì sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá gbọ́ ọ títí. Ó họ irun imú ẹ̀.

"Ta ló ní afárá já kó tó sunkún?"

"Èmi ni, bàbá," dírẹ́bà wí.

"Òótọ́ lo sọ. Ta ló ní ó sunkún kí afárá tó já?"

"Èmi ni."

"Òótọ́ nìwọ náà sọ."

"Bàbá, ẹ má fi wá ṣeré," káfíńtà wí. "A ò jẹun ká tó jáde nílé."

"Ta ló ń bá yín ṣeré? Ṣé ẹ rò pé inú agolo kan ṣoṣo ni fíìmù máa ń wà ni? Agolo agolo ni wọ́n fi ń gbé e wá. Olè tí ọ̀rẹ́ jà wà nínú agolo kejì, afárá wà nínú agolo kẹta, ẹkún wà nínú agolo kẹrin, ibẹ̀ ló parí sí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi hàn bí wọ́n ṣe tò ó. Bí afárá ṣe já báyìí, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń lọ sílé! Àwọn tó kù ń ju èèpo ọsàn lura wọn. Ta ló fẹ́ dúró wo ẹkún? Inú bí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé agolo kẹrin ṣáájú agolo kẹta. Mo fi afárá ṣe ìgbẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó tún dìde mọ́."

Káfíńtà sún mọ́ ọn. Ohùn ẹ̀ ti kéré. "Òkùnkùn yẹn ńkọ́? Èyí tó ṣú lẹ́yìn tó gbá a mọ́ra?"

"Wọ́n kọ 'Ó parí' síbẹ̀. Ṣé mo lè jẹ́ kẹ́ ẹ rí 'Ó parí' láàárín fíìmù? Àtẹ́lẹwọ́ mi yìí ni mo fi bo ojú ẹ̀rọ."

Ó na ọwọ́ sókè kí wọ́n rí i. Ọwọ́ gbígbẹ, tó le bí awọ bàtà. Káfíńtà wò ó. Gbogbo Sátidé tó ti dìde dúró sórí ẹsẹ̀ ẹ̀, tó ń yin òkùnkùn, tí àwọn àgbà ọkùnrin ń mí kanlẹ̀, ọwọ́ yìí ni wọ́n ń yìn. Àbúrò òun lòun sì lé jáde nílé nítorí ẹ̀. Ìbínú tó ti ń bí látàárọ̀, kékeré nìyẹn jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dé sí i báyìí.

"Ta ló fún yín láṣẹ?" Ó ń pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá dúró. "Mo ní ta ló fún yín láṣẹ! Iṣẹ́ ọ̀gá! Ẹ dà á rú, ẹ tún fọwọ́ bò ó! Ẹ ti sọ mí di arúgbó onírọ́!"

Inú bí Tan-Iná náà, ọ̀rá ń ké lábẹ́ ẹ̀. "Mo dà á rú kẹ̀? Mo tún un ṣe ni! Ọ̀gá ẹ yẹn, ẹkún ìyàwó lásán ló sun, èmi ni mo sọ ọ́ di ẹkún ọlọgbọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ to nǹkan bó ṣe yẹ, ọwọ́ mi yìí ló yẹ kẹ́ ẹ gbé sípò kìíní! Ìwọ òmùgọ̀ káfíńtà, o jókòó níwájú níbẹ̀, ò ń pàtẹ́wọ́ fún ọwọ́ mi láìmọ̀. Orí pákó!"

"Ta lẹ pè lórí pákó?"

Dírẹ́bà ló sọ̀rọ̀. Ó ti sún síwájú.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Bàbá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì. Ẹ gbé e mì kíá! Èmi lè sọ pé ẹ̀gbọ́n mi sùn nídìí fíìmù, ọmú kan náà la jọ mu. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ jẹ́ sí i? Àgbàyà ni yín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀! Ẹ tan odidi àdúgbò jẹ, ẹ wá ń na ọwọ́ tẹ́ ẹ fi tàn wọ́n jẹ sókè bí ife ẹ̀yẹ! Ẹ ò tijú? Mo ní ẹ ò tijú?"

Ó ń nàka, itọ́ ń ta lẹ́nu ẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́, mátíréèsì kan tí wọ́n gbé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló ń bú. Káfíńtà wo àbúrò ẹ̀, ó wo mátíréèsì. Ó di èjìká ẹ̀ mú, ó rọra yí i síbi tí Tan-Iná jókòó sí.

"Ibí ló wà."

"Ẹ ṣé, bùọ̀dá. Ẹ̀yin ni mò ń bá wí, bàbá!"

Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń gbè é. Wọ́n bú bàbá yẹn, wọ́n bú ẹ̀rọ ẹ̀, wọ́n bú agolo. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ wá yọjú, ó ní ṣé wọ́n fẹ́ ra mátíréèsì ni. Káfíńtà ní orí ilẹ̀ lásán lòun máa sùn títí òun á fi kú, ju kóun sùn sórí nǹkan tó bá tinú ilé yìí jáde.

Ìgbà tí wọ́n ń padà lọ sílé, apá kan náà ni wọ́n gbà. Káfíńtà ń gba etí títì. Wọ́n rìn títí, káfíńtà ń mí bí akọ màlúù.

"Irọ́ kọ́ lo pa," ó wí. Ó jáde lẹ́nu ẹ̀ bí eyín tí wọ́n fà yọ.

"Mo ti gbọ́."

"Kó o má ní kí n tún un sọ o."

"N ò ní í ní kẹ́ ẹ tún un sọ." Dírẹ́bà rìn díẹ̀ sí i. "Ó túmọ̀ sí pé Olè Ọ̀sán ló wà nípò kìíní báyìí."

Káfíńtà dúró gbọnrangandan. Ó di orí ẹ̀ mú. "Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn náà ni mo ti wo Olè Ọ̀sán!"

"Ẹn?"

"Gbogbo ẹ̀! Gbogbo iṣẹ́ ọ̀gá, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ti wò ó, kò sí ọ̀kan tí mo wò níbòmíì! Ta ló mọ ibi tó tún fọwọ́ bò? Fi mí sílẹ̀! Mò ń padà lọ bá a!"

Dírẹ́bà fi gbogbo ara rọ̀ mọ́ apá ẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé, bùọ̀dá. Gbogbo ẹ̀ ni mo wò níbi tí mo wà. Màá máa sọ fún yín bó ṣe rí gan-an, lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Ó máa pẹ́ o. Ọ̀gá ṣe iṣẹ́ púpọ̀."

"Ó máa pẹ́ lóòótọ́."

"Àbí o níbi tí ò ń lọ ni?" káfíńtà jágbe mọ́ ọn. "Bẹ̀rẹ̀ látorí Olè Ọ̀sán. Ibi tó ti gba ojú fèrèsé wọlé yẹn, ṣé ó ti jalè ni àbí kò tíì jalè?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pariwo lé ara wọn lórí títí wọ́n fi wọlé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn o. Káfíńtà ò kí Tan-Iná mọ́ dòní olónìí, tó bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí i. Ẹ̀yin náà tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ó dá mi lójú pé ìjà wà nílé tiyín lórí eléré kan tí ò mọ̀ yín rí. Ẹ kọ ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe dandan kó gún régé, bó bá ṣe bọ́ lẹ́nu yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́. Kó ṣáà ti jẹ́ òótọ́.